Wọ́n Pín Ilẹ̀, Wọn Ò Rí Ẹkún Pín

Bí àlejò bá dé Ìdí-Ẹmi, tó gbọ́ tí àgbà kan ń wí pé, "Wọ́n pín ilẹ̀, wọn ò rí ẹkún pín," yóò kàn máa wò ó lẹ́nu ni. Ta ló ń pín ẹkún? Ẹkún kì í ṣe iṣu, kì í ṣe ẹran ìgbẹ́. Àwẹ̀ró, ìyá tó bí bàbá mi, ló là á yé mi, nítorí orí òun gan-an ni òwe náà ti ṣẹ̀.

Láyé àtijọ́, Ìdí-Ẹmi àti Òkè-Àpáta kì í ṣe ìlú méjì. Odò Ìṣẹ́rin nìkan ló wà láàárín wọn, ibẹ̀ sì ni obìnrin apá méjèèjì ti ń fọṣọ, tí wọ́n ń bú ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àbàjà kan náà ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn. Bí wọ́n bá gúnyán lọ́hùn-ún, ìhín ni wọ́n ti ń wá ọbẹ̀. Ìgbà tó yá, òyìnbó dé. Wọ́n ní ìhín di ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀hún di ti Faransé, odò di ààlà.

Àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pẹ́, ọ̀rọ̀ òyìnbó wọ̀ wọ́n lára. Àwọn ọ̀dọ́ Ìdí-Ẹmi lu ọkùnrin Òkè-Àpáta kan tó wá ṣa èso ẹmi tí wọ́n fi ń ṣe òrí lábẹ́ igi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣa á; àwọn tọ̀hún náà dáná sun abà méjì. Ni Ọ̀jẹ́lékè, Baálẹ̀ Ìdí-Ẹmi, bá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dé etí odò mọ́. Faransé náà fi gáàdì oníbọn sí òdìkejì.

Ọdún kẹta òfin yìí ni ìgbéyàwó Àwẹ̀ró bọ́ sí. Ìyàwó gbọ́dọ̀ sun ẹkún ìyàwó fún àwọn àgbà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wúre fún un. Ìyá Àwẹ̀ró sì ti kú lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Ojúolápé, ìyá ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà, Òkè-Àpáta ló sì wà.

"N ó lọ kí ìyá mi àgbà," ni Àwẹ̀ró wí.

Bàbá rẹ̀ ní, "Ṣé ọta ìbọn lo fẹ́ gbé lọ ilé ọkọ?"

"Bàbá, bí mi ò bá gba ìre lẹ́nu wọn, ta ni yóò bá mi gbà á?"

Ní ìyálẹ̀ta, ó wọ odò títí omi fi mù ún dé orúnkún. Ó gbóhùn sókè:

"Ìyá mi àgbà o, ilé ọkọ yá.
Mo kí gbogbo ilé tán, ó ku tiyín.
Ibi mo kúnlẹ̀ sí ò dé ẹsẹ̀ yín,
Ẹ má torí odò fi ìre dù mí."

Gáàdì jágbe mọ́ ọn, ó gbé ìbọn sókè. Àwẹ̀ró ò padà. Kò pẹ́, obìnrin méjì di ìyá arúgbó náà mú wá sétí omi. Ojúolápé ò tilẹ̀ wo ìbọn. Ó dáhùn:

"Àwẹ̀ró, o ò ní yàgàn.
Ẹnu tí wọ́n bá fi kí ọ káàbọ̀,
Wọn ò ní fi lé ọ jáde."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé wọn. Àwọn obìnrin ìhín gbè é, àwọn tọ̀hún gbè é, ẹkún gba etí odò kan.

Àṣé Baálẹ̀ ti dé, pẹ̀lú kùmọ̀ lọ́wọ́, láti wọ́ ọmọ náà lọ sílé. Ó gbọ́ oríkì yẹn, ó dúró sójú kan. Oríkì yìí kan náà ni ìyá tirẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ilé yẹn, máa ń fi jí i láràárọ̀ kí ikú tó mú un lọ. Kùmọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá," ló pè é láti òdìkejì, "ẹ ki èmi náà."

Ojúolápé wò ó pẹ́. "Ọ̀jẹ́lékè, ṣé ìwọ lo ní ká má wá mọ́?"

Baálẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níṣojú àwọn ará ìlú. Ìyá àgbà bá kì í, ó kì í títí ohùn rẹ̀ fi há. Gáàdì, tí kò gbọ́ èdè wọn, rọra sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Baálẹ̀ ká òfin rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kò lágbára lórí ti Faransé. Kí àkọ́bí Àwẹ̀ró tó rìn, Ojúolápé kú. Àwọn ará ìhín ò rí ọ̀nà dé ibi ìsìnkú. Wọ́n tò sétí odò, wọ́n ń sunkún. Àwọn tọ̀hún sì ń gbè é, ohùn wọn papọ̀ lórí omi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì àti èyí tó jẹ́ ti Faransé.

Ààlà náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Bí Àwẹ̀ró bá ń sọ ìtàn yìí, ọ̀nà odò ló máa ń kọjú sí. Tó bá parí rẹ̀, á ní, "Ọmọ mi, wọ́n pín ilẹ̀ lóòótọ́. Wọn ò rí ẹkún pín."