Ẹyin Àlejò

Obìnrin kan wà tó ní ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ní ìgboro. Àwọn ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́ a máa fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, wọn a sì wá mú wọn nírọ̀lẹ́. Obìnrin yìí kì í ṣe ìkà o. Kì í na ọmọ, kì í jalè, ilé rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ohun kan ṣoṣo ló ń bá a jà: ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ ran irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ wọn ń kó ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹyin wá. Awakọ̀ tó kó ti àkọ́kọ́ wá kìlọ̀ fún un.

"Màmá, alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ o, kò sì ní sọ ọjọ́ tó máa wá. Ilé tí kò bá ti bá ẹyin lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n á gba oúnjẹ wọn fún ẹlòmíràn ni."

Láti ọjọ́ náà ni ara ìyá onílé ìtọ́jú yìí kò ti lélẹ̀ mọ́. Bí àwọn ọmọ bá jẹ ẹyin tán láàárọ̀, tí alábẹ̀wò wá dé lọ́sàn-án ńkọ́? Ta ni yóò gbà pé inú wọn ló wà? Ó bá ta ọgbọ́n kan. Alásè tó ń bá a ṣiṣẹ́ á se ẹyin láàárọ̀, á fi ọmọrí dé e. Bí mọ́tò bá ti dún lójú títì, ìyá á sáré pín in. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀ dání, wọn a kọrin ìdúpẹ́ sí ìjọba. Bí mọ́tò náà bá kọjá, wọn a tò wá dá ẹyin padà sínú abọ́.

Típà oníyanrìn kọjá, wọ́n pín ẹyin. Ọkọ̀ alágbàdo kọjá, wọ́n pín ẹyin. Àwọn ọmọ ń jẹ ìrẹsì, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà, àmọ́ wọn kò mọ bí ẹyin ṣe ń rí lẹ́nu. Èyí tó bá ti ń rùn, ẹ̀yìnkùlé ni alásè ń sin ín sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yìí jẹ ẹ́," ni alásè wí lọ́jọ́ kan.

"Ìfura loògùn àgbà," ni ìyá dáhùn, ó sì tún na ọrùn wo títì.

Òótọ́ ló sọ, oògùn ni. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí ẹni tó fi oògùn ṣe oúnjẹ.

Lọ́jọ́ kan, mọ́tò dúró. Alábẹ̀wò wọlé, ó bá ẹyin lọ́wọ́ ọmọ gbogbo, orin wọn sì dùn mọ́ ọn. Ọkàn ìyá balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ó dáa, ẹ máa jẹun," ni alábẹ̀wò wí.

Orin ti parí, ni àwọn ọmọ bá dìde, wọ́n tò, wọ́n sì ń dá ẹyin padà sínú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alábẹ̀wò fa ọmọbìnrin kékeré kan mọ́ra.

"Kí ló dé tí o ò jẹ tìrẹ?"

"Ẹyin àlejò ni."

"Èmi ni àlejò. Mo fún ẹ."

Ọmọ náà kò jẹ ẹ́. Ojú ìyá ló ń wò. Alábẹ̀wò ní kí ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un jẹ. Ìyá bó ẹyin náà, ó sì fi í sí ọmọ lẹ́nu. Ọmọ kò jẹ ẹ́ lẹ́nu, kò gbé e mì. Ó fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń dúró kí mọ́tò lọ kó lè dá a padà.

Ìyá bú sẹ́kún, ó ṣàlàyé. Alábẹ̀wò gbà á gbọ́, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Síbẹ̀, ohun tó rí ló kọ sínú ìwé. Kí oṣù náà tó parí, oúnjẹ ti di ti ilé mìíràn, àwọn òbí sì ti kó ọmọ wọn tẹ̀ lé e.

Ọ̀rẹ́ mi, má rẹ́rìn-ín obìnrin yìí. Mo ti wá sílé rẹ, mo sì rí i bí o ṣe ń gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ nítorí pé mo jókòó síbẹ̀, tí o ń pe ìyá wọn lórúkọ oríkì. Mo mọ̀ pé o kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni ohun tí ò ń pín nígbà tí mo bá dé. Lọ sílé lónìí tí ẹnikẹ́ni kò bá ọ wọlé, kí o fi ohùn jẹ́jẹ́ pe àbíkẹ́yìn rẹ. Wò ó bóyá yóò sáré wá bá ọ, tàbí yóò kọ́kọ́ yọjú wo ẹnu ọ̀nà kó lè mọ ẹni tó dé.