Taya Jíìpù Ògúndáre

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni kì í bẹ̀rù òjò ní Ìsàlẹ̀-Ìrókò: jíìpù Bàbá Ògúndáre. Ọkọ̀ náà kò rẹwà. Ariwo rẹ̀ pọ̀, taya rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, eyín ara taya náà sì gùn. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, tí òkè amọ̀ tó wà láàrin ìlú àti ọ̀nà ọ̀dà bá ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, òun nìkan ló ń gbé aláboyún àti aláìsàn lọ sí ọsibítù. Kí bàbá tó gun òkè náà, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò bọ́ bàtà, yóò sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ amọ̀ wò. Àwọn ọmọdé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń kí ilẹ̀.

Nígbà tí bàbá kú, adìẹ sọ jíìpù di ilé lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí Akínrìnádé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tó sì padà wálé wá tọ́jú ìyá rẹ̀, Tẹ̀jùmọ́là, tí ikọ́ fée ń dà láàmú. Ó ní òun yóò jí ọkọ̀ bàbá òun dìde. Òun àti Làmídì mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n jó irin mọ́ ibi tí ìpẹtà ti jẹ, wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá a gbé àpótí síta, a máa wò wọ́n, inú rẹ̀ a sì dùn bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ló ń ti àjò bọ̀.

Ó wá ku taya.

“Akin, wá èyí tó jọ ti bàbá rẹ,” ni ìyá wí. “Bó o bá débẹ̀, má sọ irú ọkọ̀ nìkan fún wọn. Sọ irú ọ̀nà wa.”

“Mo ti gbọ́, Màámi.”

Ní Ìbàdàn, oníṣòwò taya gbé oríṣi méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó léyín gbọọrọ. Èkejì gbòòrò, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, ó ń dán. Ọkùnrin náà bi í pé, “Ọ̀gá, ọ̀nà wo lẹ máa rìn?” Akínrìnádé kò tilẹ̀ gbọ́. Ọjọ́ ìlú, àjọ̀dún Ìsàlẹ̀-Ìrókò, ti ń sún mọ́lé, ó sì ti ń rí bí gbogbo ayé yóò ṣe máa wo òun. Èyí tó ń dán ló rà.

“Ẹ̀gbọ́n, ó gbòòrò jù,” ni Làmídì wí nígbà tó ń dè é. “Ó ń ha mọ́gáàdì. Orí amọ̀ ló máa léfòó sí, kò ní kanlẹ̀. Ohun tó yẹ ni ló yẹ ni, okùn ọrùn ò yẹ adìẹ.”

“Dè é, Làmídì. Ṣebí ẹ̀ẹ̀rùn la wà.”

Ìyá wo taya náà títí. “Ó dán, ọmọ mi,” ló sọ, ó sì wọlé lọ.

Ọjọ́ ìlú dùn. Akínrìnádé gbé ìyá rẹ̀ síwájú ọkọ̀, wọ́n yí ìlú ká, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó rántí òjò.

Òjò kò gbàgbé tirẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ilẹ̀ ti mu omi yó, ikọ́ fée gbé ìyá, èémí rẹ̀ ń já. Akínrìnádé àti Làmídì sáré gbé e sínú jíìpù. Wọn ò tí ì dé ìdajì òkè tí amọ̀ fi dí ojú taya, tó sọ ọ́ di jọ̀lọ̀ bí ọmọ odó. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lójú kan, ọkọ̀ sì ń yọ̀ padà sẹ́yìn. Làmídì gé imọ̀ ọ̀pẹ sábẹ́ rẹ̀, àwọn géńdé tó wà nítòsí tì í, pàbó ló já sí.

Akínrìnádé bẹ́ sílẹ̀ láti gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n. Amọ̀ bọ́ bàtà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán ti rì, ó kan ilẹ̀ líle nísàlẹ̀, kò jìn rárá. Eyín taya bàbá rẹ̀ ìbá kàn án. Ohun tí bàbá ń wá nílẹ̀ nìyẹn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ó pọn ìyá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

“Má sunkún,” ni ìyá wí lẹ́yìn rẹ̀. “Rọra máa lọ.”

Ó rọra ń lọ. Kó tó dé orí òkè, ọwọ́ tó dì mọ́ ọn lọ́rùn dẹ̀.

“Màámi,” ló pè. “Màámi.”

Níbi ìsìnkú, ìbátan kan tó ti ìlú ńlá wá yí jíìpù náà po, ó ní, “Akin, taya yìí mà dára o. Wo bó ṣe ń dán.”

“Ẹrẹ̀ kì í wo dídán bàtà,” ni Akínrìnádé dáhùn, ó sì wọlé lọ.

Ó ra taya eléyín lẹ́yìn náà. Títí ó fi kú, ó ń gbé ìyá àwọn ẹlòmíì gun òkè náà, yóò sì bọ́ bàtà kó tó gùn ún. Àwọn ọmọdé kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìsàlẹ̀-Ìrókò fi ń pa á lówe pé: “Ẹrẹ̀ kì í wo dídán bàtà.”