Òrùka Mẹ́rin, Òrùka Mẹ́jọ

Apẹja kan gbé létí adágún ńlá kan tí ìjọba fi ògiri kọnkéré sé. Làmídì ni wọ́n ń pè é. Àwọn aláṣẹ kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta àwọ̀n sínú omi náà. Ọ̀pá ìwọ̀ nìkan ni wọ́n fàyè gbà. Fúnra rẹ̀ ni Làmídì ń to ọ̀pá tirẹ̀. Á ra ọ̀pá fáíbà lásán lọ́jà, á fi òwú de àwọn òrùka kéékèèké mọ́ ọn lára. Inú àwọn òrùka yìí ni okùn ń gbà láti ìdí ọ̀pá dé ṣóńṣó orí rẹ̀.

Òrùka mẹ́rin péré ni Làmídì máa ń fi sí ọ̀pá, wọ́n sì jìnnà síra. Ó ní bí òrùka bá ṣe kéré níye tó ni okùn ṣe ń sáré tó. Òótọ́ sì ni. Bó bá ju ìwọ̀, ibi tó ń balẹ̀ sí, kò sí apẹja mìíràn tí tirẹ̀ ń dé ibẹ̀. Òkìkí yìí dùn mọ́ ọn. Nígbà tó rí ọ̀pá Ráúfù, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ní òrùka mẹ́jọ, ó bú sẹ́rìn-ín lójú gbogbo èèyàn.

"Ráúfù, ṣé ọ̀pá ìwọ̀ lo ń to ni àbí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí?"

Ráúfù bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún yẹn, wọ́n dá ọjọ́ yìgì Ṣìfáwù, àkọ́bí Làmídì. Nígbà tí àwọn àna wá, Làmídì dìde láàárín ilé, ó ní, "Ẹja tí ẹ ó jẹ lọ́jọ́ yìgì, ọwọ́ èmi fúnra mi ni yóò fà á jáde nínú omi." Àwọn àna pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ kàn wò ó ni.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì. Irú ẹja tó máa ń ba sábẹ́ igi tó rì, tó ń gbé ẹja kéékèèké mì ni. Làmídì fà á, ọ̀pá tẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn tó yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀pá kò tẹ̀ lé e. Ó gba àbùjá láti òrùka kan sí èkejì, ó ń ha ara ọ̀pá bí ayùn, gbogbo agbára ẹja náà sì kó jọ sí ojú kan ṣoṣo. Ọ̀pá dún pàù, ó kán sí méjì. Ẹja lọ. Okùn ti la Làmídì ní àtẹ́lẹwọ́.

"Bàbá Ṣìfáwù, ẹ jẹ́ ká lọ ra ẹja," ni ìyàwó rẹ̀ wí, bó ti ń fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn."

"Ó dáa. Ẹ lọ bá Ráúfù nígbà náà."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ráúfù kó tó lè wọlé. Ráúfù kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mú ọ̀pá mìíràn tí Làmídì ní, olórùka mẹ́rin, ó so òkúta mọ́ okùn rẹ̀. Ó so irú òkúta bẹ́ẹ̀ mọ́ tirẹ̀ náà.

"Ẹ gbé e sókè, ẹ̀gbọ́n. Okùn ni kí ẹ wò, ẹ má wo ọ̀pá."

Làmídì gbé tirẹ̀. Okùn kúrò ní ọ̀nà, ó gùn lé ara ọ̀pá. Ó gbé ti Ráúfù. Ọ̀pá tẹ̀ bí ọrun, okùn sì tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láti ìdí dé orí.

"Lápá ìdí tó le, òrùka lè jìnnà síra," ni Ráúfù wí. "Lápá orí tó rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ̀pá wò ná, òun fúnra rẹ̀ ló máa fi ibi tí òrùka yóò wà hàn yín."

"Fi méjìlá sí i!"

"Rárá o. Òrùka náà ní ìwúwo tirẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, orí ọ̀pá á wúwo, ẹ ò sì ní mọ̀ nígbà tí ẹja bá fẹnu kàn án."

Àwọn méjèèjì tú òrùka mẹ́rin yẹn, wọ́n fi òwú de mẹ́jọ sí i, wọ́n fi gúlúù kun orí òwú náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ títí ó fi gbẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú yìgì, Làmídì ju ìwọ̀. Kò lọ jìnnà tó ti tẹ́lẹ̀. Apẹja kan pariwo pé, "Làmídì, apá yín ti ń rọ̀ o!" Ó gbọ́, ó mú un mọ́ra. Oòrùn ti ń ta kí ẹja tó gbé ìwọ̀ mì. Ọ̀pá tẹ̀ títí orí rẹ̀ fi kan omi, àmọ́ Làmídì kò gbọ́ kí okùn ha ara ọ̀pá rárá. Òrùka kọ̀ọ̀kan gba ìwọ̀nba tirẹ̀. Ó fà, ó dẹ̀, ó fà, títí ó fi wọ́ ẹja náà gòkè. Nígbà tó gbé e kọ́ èjìká, ìrù rẹ̀ ń lù ú ní ìtan.

Lọ́jọ́ yìgì, àwọn àna ń yìn ín. Ó ní, "Ẹ kí Ráúfù. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to ọ̀pá." Ráúfù ni kò mọ ibi tí yóò gbójú sí.

Alága, ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè, ẹ̀yin ni mo torí yín sọ̀rọ̀ yìí. Mo ti rí ìwé tí ẹ fi pín iṣẹ́. Ẹni mẹ́rin ni ẹ kó gbogbo rẹ̀ lé lórí, torí pé ọwọ́ wọn yá. Nǹkan á yára lóòótọ́, wọ́n á sì yìn yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹrù ńlá bá fa ẹgbẹ́ yìí, ẹ óò kán ni. Ẹ lọ mọ ibi tí ẹgbẹ́ yín ti rọ̀, kí ẹ fi èèyàn súnmọ́ra níbẹ̀. Ẹ má sì torí pé ẹ kò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni kí ẹ wá kó gbogbo ayé sí i. Ẹ fa ìwé yẹn ya lónìí, kí ẹ kọ òmíràn. Ẹ ó rí i ṣe.