Ìdí Tí Ẹṣin Fi Ń Sùn Lórí Ìdúró

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko àti ènìyàn ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, orí ilẹ̀ ni ẹṣin máa ń sùn. Bí oorun bá ti dé, á fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbalaja bí ajá tó yó, á sì máa hanrun. Kò bẹ̀rù ohunkóhun. Ẹnikẹ́ni lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láìsọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ gbá a nídìí bó ti ń kọjá lọ, ẹṣin kò sì ní bojú wẹ̀yìn.

Ní àkókò náà, ẹṣin pupa kan wà ní ìlú Ìdó-Ọ̀dàn. Baálẹ̀ ìlú ló ni ín, ṣùgbọ́n Àjàdí ló ń tọ́jú rẹ̀. Àjàdí ti dàgbà. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ á máa ro ó. Síbẹ̀ òun ló ń gé koríko, òun ló ń pọn omi, òun ló ń gbá ìgbẹ́ ẹṣin dànù. Òun àti Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù nílé. Àwọn ọmọ wọn ti lọ dá oko sí ọ̀nà jíjìn.

Ẹṣin yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró jẹ́ẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá mi ewé, á fò. Bí ẹyẹ bá gbọn ìyẹ́ nínú koríko, á sáré. Kì í ṣe pé ó burú. Ara rẹ̀ ni kò balẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó ń jẹko ní ọ̀dàn nígbà tí ọ̀wọ́ lékeléke gbéra lójijì níwájú rẹ̀. Ó ta sókè, ó sá eré àsápajúdé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú kan wọ ihò òkété. Ó gbọ́ nǹkan tó já nínú ẹsẹ̀ náà bí okùn tó ti gbó.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi tiro dé ilé.

Àjàdí wo ẹsẹ̀ náà. Ó ránṣẹ́ pe Ẹfúnyẹmí, ìyá arúgbó tó máa ń to eegun fún ará ìlú. Ẹfúnyẹmí kúnlẹ̀, ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Eegun kò ṣẹ́. Iṣan ló ya. Iṣan sì máa ń pẹ́ ju eegun lọ kó tó san. Ẹ fi í sínú ilé. Kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ fò, títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi rọ̀."

Ẹṣin bi í pé, "Kí ni n ó máa ṣe nínú ilé, Ìyá?"

"Wàá máa dúró," ni Ẹfúnyẹmí dá a lóhùn. "Iṣẹ́ ni ìyẹn náà."

Nígbà tí Baálẹ̀ gbọ́, inú rẹ̀ bàjẹ́. Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà mú gan-an, koríko sì wọ́n. Ó ránṣẹ́ sí Àjàdí pé bí òjò bá rọ̀ tí Ẹṣin kò bá lè rìn dáadáa, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un kó máa lọ sí ọ̀dàn. Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Ọ̀dàn ni Ìkookò ń gbé, ẹran tó bá sì ń tiro kì í pẹ́ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi Ẹṣin sínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Wọ́n fi igi gbọọrọ méjì dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹṣin kò gbà. Ó ń yán. Ó ń fi pátákò gbá ògiri, erùpẹ̀ ń já lulẹ̀. Ó ń yí po nínú yàrá tí kò gbà á, títí òógùn á fi bò ó. Àjàdí á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Sùúrù, sùúrù," títí ohùn rẹ̀ á fi há.

Ìbídùn wò ó títí, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Baálé mi, ọkà bàbà tí ẹ ń fún un nígbà tó ń sáré lẹ ṣì ń fún un. Agbára tí kò ríbi lọ ló ń wó ògiri wa yẹn."

Àjàdí mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó dáwọ́ ọkà bàbà dúró. Ó di koríko gbígbẹ sínú àwọ̀n, ó sì so ó kọ́, kí Ẹṣin máa fà á jẹ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà ó mú Ewúrẹ́ wá, abo ewúrẹ́ kan tó ti bímọ púpọ̀, tí kò sì sí ohun tó ń yà á lẹ́nu mọ́.

Ẹṣin wò ó. Ó ní, "Ìyá Ewúrẹ́, ṣé iṣan tiyín náà ya ni?"

"Rárá. Wọ́n ní kí n wá bá ọ dúró."

"Ó ti sú mi."

"Ó ti sú èmi náà," ni Ewúrẹ́ wí. "Jẹ koríko rẹ."

Ara Ẹṣin rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò san. Bí wíwú rẹ̀ bá fẹ́ lọ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, á tún wú bí ilẹ̀ bá mọ́. Nígbà tí Ẹfúnyẹmí padà wá wò ó, ó mi orí.

Ó ní, "Ó ń dùbúlẹ̀. Bó bá sì fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ yìí ló fi ń ti ara rẹ̀ sókè. Ohun tí ọ̀sán bá rán, òru ń tú u."

"Ta ni kì í dùbúlẹ̀ sùn?" ni Ẹṣin bi í.

Ẹfúnyẹmí kó ewé rẹ̀, ó lọ.

Ẹṣin gbìyànjú láti má dùbúlẹ̀ mọ́. Bí oorun bá sì ti gbé e, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, á ta gìrì jí. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe sùn mọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. Bí ewé kan bá já lórí òrùlé, gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n. Àjàdí náà kì í sùn, nítorí gbogbo ìgbà tí Ẹṣin bá ta gìrì ni òun náà ń jí lórí ẹní rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ fi mú tán, kò sí ẹni tó lè sọ èwo ló rẹ̀ jù nínú àwọn méjèèjì.

Níbi tó ti rẹ̀ wọ́n ni ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀.

Ó jẹ́ ní ọ̀sán kan. Àjàdí ti odò dé, èjìká ń dùn ún. Ó fẹ́ so Ẹṣin mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan kó lè gbálẹ̀ yàrá náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára mọ́, nítorí náà ó wé okùn mọ́ ọwọ́ kó má baà bọ́. Ó ti fi okùn náà kọ́ Ẹṣin lọ́rùn kí ó tó rántí pé ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn Ẹṣin. Ó lọ mú un, okùn náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹṣin tòògbé. Nígbà tí Àjàdí ń padà bọ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ jù láti sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ìdí Ẹṣin bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe, kí ó lè ráyè kọjá.

Ẹṣin fò. Ó ta ìpá, pátákò bá Àjàdí nítan. Okùn tó wé mọ́ ọwọ́ rẹ̀ fún, ìka rẹ̀ kan sì ṣẹ́. Àjàdí ṣubú sí abẹ́ ẹṣin náà, láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ògiri.

Ewúrẹ́ figbe ta. Ìbídùn sáré dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ó rí pátákò ńlá mẹ́rin, ó sì rí orí ọkọ rẹ̀ láàárín wọn.

Ẹṣin bojú wolẹ̀, ó rí ẹni tó wà níbẹ̀. Gbogbo iṣan ara rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó sá. Òógùn ń kán sílẹ̀ ní ikùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kò gbé pátákò kankan. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí Àjàdí fi tú okùn kúrò lọ́wọ́, tó sì fi àyà wọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀.

Ìbídùn gbé ọkọ rẹ̀ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ń sunkún. Ó ní, "N ó lọ bá Baálẹ̀ nísinsìnyí. Kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un kó máa lọ. Ẹsẹ̀ ẹṣin kan kò tó ẹ̀mí yín."

Àjàdí ní, "Ìbídùn, jẹ́ kí n mí ná."

Nígbà tó pẹ́, Ẹṣin sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, n kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Mo mọ̀."

"Mo rò pé Ìkookò ni. Láti ìgbà tí iṣẹ́ Baálẹ̀ ti dé, ohunkóhun tó bá kàn mí lẹ́yìn, òun ni mo máa ń rò pé ó jẹ́. N kò lè sá mọ́, Bàbá. Ẹni tí kò bá lè sá, ìjà nìkan ló kù fún un."

Àjàdí wo ìka rẹ̀ tó ti wọ́. Kò tíì rò ó rí pé ẹṣin, pẹ̀lú gbogbo gìrìgìrì rẹ̀, lè máa bẹ̀rù.

Ó ní, "Ó dára. Láti òní lọ, kò sí ẹni tí yóò dákẹ́ wá bá ọ mọ́. A ó pè ọ́ láti ìta. A ó gba ibi tí ojú rẹ ti lè rí wa. Ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ la ó dúró sí, ọrùn rẹ la ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. N kò sì ní wé okùn mọ́ ọwọ́ mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni n ó fi dì í mú. Ìwọ ńkọ́?"

"N ó dúró," ni Ẹṣin wí. "N kò ní dùbúlẹ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi san. Ṣùgbọ́n bí oorun bá dé, orúnkún mi ń yẹ̀."

Ewúrẹ́ gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo ń mú ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ilé tí gbogbo ará ilé ti ń ṣọ́nà pọ̀. Ti orúnkún pa bí ẹni ti ilẹ̀kùn, kí o sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sinmi. Bó bá sinmi tán, kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìkejì."

Ẹṣin dán an wò. Ó ti orúnkún pa. Ó rọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, ó fi ṣóńṣó pátákò rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó kọ́kọ́ yẹ̀. Ó tún un ṣe. Nígbà tó yá, orí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ so dirodiro, ó sì sùn níbi tó dúró sí. Àjàdí náà sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri. Ìbídùn jókòó láàárín wọn, kò lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ mọ́.

Títí ọwọ́ Àjàdí fi san, Ìbídùn ló ń wọlé tọ Ẹṣin. Ẹ̀rù ń bà á. Láti àgbàlá ni yóò ti máa sọ pé, "Ẹṣin, èmi Ìbídùn ni. Mo ń bọ̀ lọ́wọ́ òsì rẹ." Etí Ẹṣin kan á yí sí i, ìkejì á tẹ̀ lé e, nígbà náà ni yóò tó wọlé. Kì í dúró sí ibi tí kò ti ní rọ́nà jáde. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́, bó rẹ̀ ẹ́, bí kò rẹ̀ ẹ́.

Wíwú ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹfúnyẹmí ní kí wọ́n máa mú un rìn díẹ̀ nínú àgbàlá. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde, ọ̀wọ́ lékeléke kan fò kọjá lókè. Ọrùn Ẹṣin le gbagidi, ihò imú rẹ̀ là. Àjàdí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀, okùn náà rọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mo rí wọn. Ẹyẹ ni. Mo wà níbí."

Ẹṣin mí kanlẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, Baálẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Ẹṣin rìn lọ, ó rìn bọ̀ lórí ilẹ̀ tútù, kò tiro. Baálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Àjàdí, ó sì padà sílé. Kò sẹ́ni tó jó. Ó ti rẹ gbogbo wọn.

Àjàdí sọ fún Ẹṣin pé ó lè máa dùbúlẹ̀ sùn báyìí. Ó dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n oorun kò wá. Ó dìde, ó ti orúnkún pa, ó sùn.

Láti ọjọ́ náà ni ẹṣin ti ń sùn lórí ìdúró, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan máa ń sinmi nígbà tí ìkejì bá ń ṣọ́nà. Láti ọjọ́ yẹn náà ni ẹni tó bá gbọ́n ti máa ń pe ẹṣin kó tó sún mọ́ ọn, tó máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀, tí kì í sì í wé okùn rẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lè rí ẹṣin tó na gbalaja sílẹ̀ tó ń hanrun. Ẹ má jí i. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ẹṣin náà fọkàn tán, tó ń bá a ṣọ́nà.