Wáyà Tí Tíṣà Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

Obìnrin kan wà, tíṣà ìṣirò ni, ní abúlé kan tí ilé iṣẹ́ afọ́kùúta wà lẹ́bàá rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ohun abúgbàmù fọ́ àpáta ni omi kànga abúlé ti ń sá lọ sísàlẹ̀. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ní irọ́ ni, pé ẹ̀ẹ̀rùn ló fà á. Tíṣà kò bá wọn jiyàn. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ó máa ń sọ okùn sínú kànga mẹ́fà, ó sì máa ń wọn bí omi ṣe jìn tó. Òjò ti ba ìwé tó kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí jẹ́, nítorí náà inú ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀, irú èyí tó ń pa nọ́ńbà mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí a tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, ló ń tọ́jú gbogbo nọ́ńbà náà sí. Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe é.

Nígbà tó yá, ìjọba yan ìgbìmọ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ ní àwọn kò gba àfọwọ́kọ, nítorí ẹnikẹ́ni lè jókòó sílé kó máa hùmọ̀ nọ́ńbà. Wọ́n ní kí tíṣà kó ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó sì mú un wá láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ó wọkọ̀ lọ bá ẹni tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílùú. Ọkùnrin náà ní wáyà tí wọ́n fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kò sí nílẹ̀, òkè òkun ló ti ń wá, oṣù mẹ́ta ni yóò gbà.

“Ṣé a ò lè ṣe é níbí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, wọn kì í fọwọ́ ṣe é nílé. Ẹ máa kàn ba ẹ̀rọ yín jẹ́ ni.”

Inú bí i débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó sọ̀kalẹ̀, ó ti pinnu. Ó gé wáyà íápíìsì rẹ̀ kan tó ti dákẹ́, nítorí ẹnu rẹ̀ wọ ihò ẹ̀rọ ìṣirò náà ṣinṣin. Ó gé wáyà kan lára kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ tó ti kú. Ó wá lọ yá irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé lọ́wọ́ bàbá tó ń tún rédíò ṣe.

“Tíṣà, ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, bàbá. Kò sì sẹ́ni tó dè mí lọ́wọ́.”

Irin náà jó o níka méjì kó tó jó wáyà mẹ́ta pọ̀. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kejì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Lọ́jọ́ kẹta ló tó rí àṣìṣe rẹ̀: wáyà tí ẹ̀rọ ìṣirò fi ń sọ̀rọ̀ ló so mọ́ èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ó tú u, ó pààrọ̀ wọn. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé, lọ́yà ilé iṣẹ́ náà gbé wáyà tí tíṣà fi tépù dúdú wé, tó mú wá pẹ̀lú ìwé rẹ̀, sókè. “Ṣé jákujàku yìí lẹ fẹ́ fi dá wa lẹ́bi?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Tíṣà dìde.

“Ẹ bú wáyà mi bó ṣe wù yín, sà. Ó burẹ́wà, mo gbà. Nọ́ńbà wo nínú ìwé yìí ni irọ́? Ẹ fìka kàn án.”

Lọ́yà ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Kò rí èyí tí yóò kàn. Alága ní kí tíṣà so wáyà náà mọ́ kọ̀ǹpútà lójú gbogbo wọn, àwọn nọ́ńbà kan náà ló tún jáde, wọ́n sì fi hàn pé omi ń sá lọ kódà lásìkò òjò. Ìgbìmọ̀ dá fífọ́ àpáta dúró títí ilé iṣẹ́ náà yóò fi gbẹ́ kànga tó jìn fún abúlé.

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, tí o mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá rẹ, o ní o kò lè dé iwájú àwọn tó ń bá ọ du ilẹ̀ náà nítorí pé o kò kàwé tó wọn, ẹnu rẹ kò sì dùn tó tiwọn. Àwọn tó ní kí o ṣì ní sùúrù, kí o wá ẹni tó gbọ́n láti bá ọ sọ ọ́, wọ́n mọ̀ pé bí o bá ń pẹ́ lẹ́nu ìyẹn, àwọn ni yóò jàre. Lọ sọ ọ́ lọ́la, ẹnu tí o ní náà ni kí o fi sọ ọ́. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, má jókòó. Bi wọ́n léèrè èwo nínú rẹ̀ ni irọ́.