Koríko Olówó Lẹ́yìnkùlé Oyèéníran

Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ṣùgbọ́n Oyèéníran gbọ́n ju òwe lọ. Ó sán igbó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kanlẹ̀, ó gbin koríko olówó síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, koríko gbẹ, ewúrẹ́ tó lóyún, tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, sì rù kan egungun. Lọ́la ni ìyàwó ń ti àjò bọ̀. Oyèéníran fa ewúrẹ́ lọ bá aládùúgbò tó máa ń fi ẹ̀sín pè ní Ìyá Eléjò nítorí igbó tó yí ilé ìyá náà ká.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ díẹ̀.”

“Kí ló fẹ́ jẹ nílé Ìyá Eléjò? Ejò?”

Kí Oyèéníran tó fèsì, ewúrẹ́ ti ki orí bọ igbó, ó ń jẹwé wàràwàrà.

“Òun ti rí oúnjẹ,” ni ìyá wí. “Ìwọ ńkọ́, ṣé kí n já díẹ̀ fún ẹ?”