Àwẹ̀ró àti Odò Tó Sùn Sábẹ́ Adágún

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ súnmọ́ iná, òtútù yìí kò mojú ọmọdé. Ààlọ́ mi wọ omi, ó jáde, omi ń kán lára rẹ̀ tó, tó, tó, ó dá lórí Àwẹ̀ró opó, ẹlẹ́ja, àti Akàn.

Lékeléke ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Àwẹ̀ró. Ó bà sórí òrùlé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ wọ̀lú.

"Ìyá ẹlẹ́ja, ṣé ẹ ti gbọ́?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́? Sọ ọ́ kíákíá, iṣẹ́ wà nílẹ̀."

"Ẹja ti tán nínú adágún. Àwọn apẹja ń ju àwọ̀n, ewé ni wọ́n ń kó. Ọ̀nì sì ní bí ọyẹ́ yìí bá fi lọ tí òun kò rí agbọ̀n ẹ̀pìyà òun gbà, ọkọ̀ yín lòun máa wọ́ lọ."

Ọkọ Àwẹ̀ró ló gba ìtì igi lọ́wọ́ Ọ̀nì, tó fi gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó ṣèlérí agbọ̀n ẹ̀pìyà tútù kan, kó kún. Ó kú kó tó san án. Ọkọ̀ yìí ni Àwẹ̀ró fi ń gbé ẹja sọdá lọ tà, òun ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Bí Ọ̀nì bá gbé e, iná ilé Àwẹ̀ró kú nìyẹn.

Kò sunkún. Ó gbé àwọ̀n, ó wọ ọkọ̀. Ó tukọ̀ dé inú eèsún létí omi, níbi tí ẹja máa ń pọ̀ sí nígbà òjò. Ó ju àwọ̀n, fìàù! Ó fà á, ewé ló kó.

Pẹ́pẹ́yẹ rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, "Ìyá eléwé! Èló lẹ ń ta ewé yín lónìí?"

"Bó ò bá ní í rà, má dúró níwájú ọjà mi. Kọjá!"

Ni Àwẹ̀ró bá kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Akàn o, Akàn arìn-fẹ̀gbẹ́,
*Kìrì, kìrì-kìrì!*
Omi tutù, ẹja ò sí,
*Kìrì, kìrì-kìrì!*
Ìwọ tó ń rìn nísàlẹ̀,
*Kìrì, kìrì-kìrì!*
Fọ̀nà ẹja hàn mí o,
*Kìrì, kìrì-kìrì!*

Akàn yọjú, pọ́n! "Àwẹ̀ró, etí omi ti tutù jù. Ta ló ń sùn síta nínú ọyẹ́?" Ó wọlé padà, pọ́n!

Àwẹ̀ró tukọ̀ lọ síbi tí iyanrìn ti ga lábẹ́ omi, tí oòrùn ń ràn sí. Ó ju àwọ̀n, fìàù! Àpáàdì ló kó. Ó kọrin. Akàn yọjú, pọ́n! "Oòrùn yẹn, ojú omi ló mọ. Ṣé ó dé ìsàlẹ̀ ni?" Ó wọlé, pọ́n!

Àwẹ̀ró tukọ̀ dé àárín adágún gan-an. Ó ju àwọ̀n, fìàù! Ẹrẹ̀ ló kó, ẹrẹ̀ lásán. Ó tún kọrin. Akàn yọjú.

"Ibí yìí tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, kò síbi tí ẹja lè fara pamọ́ sí. Àwẹ̀ró, nígbà tí wọ́n gbé ọ níyàwó, níbo lo ti ń pọnmi fún ilé ọkọ rẹ?"

"Ní odò Ayílò ni."

"Ayílò dà báyìí?"

Àwẹ̀ró tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó wo omi. Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Yéè! Abẹ́ adágún yìí ló wà!"

Òótọ́ ni. Kò sí adágún nígbà náà. Òkè ló ya lọ́dún kan, ó dí ẹnu odò, omi bo oko, ó bo ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin tó ń ju àwọ̀n kò pọnmi ní Ayílò rí, ojú adágún nìkan ni wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú odò náà ṣì wà nísàlẹ̀, ó jìn bíi kòtò, pẹ̀lú kọ̀rọ̀ rẹ̀ àti kùkùté rẹ̀. Ìyàwó tó pọnmi títí ọrùn fi gan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbàgbé.

Orí igi àràbà ṣì yọ lókè omi. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi òkúta ìfọṣọ, níbi tí odò kékeré kan ti ń wọ Ayílò. Àwẹ̀ró tọ ọ̀nà ìyàwó náà lórí omi. Ó so òkúta mọ́ okùn, ó jù ú. Tọ̀! Kò jìn. Ó tukọ̀ síwájú. Tọ̀! Kò jìn. Ó tukọ̀ síwájú. Okùn ń lọ, ó ń lọ, ó ń lọ rẹrẹrẹ.

"Ayílò, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o!"

Kò ju àwọ̀n, kí kùkùté má fà á ya. Ó fi ekòló sí ìwọ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀.

"Má mì ín," Akàn ní. "Òtútù ti mú wọn, wọn ò ní í sáré tẹ̀ lé oúnjẹ. Gbé e sẹ́nu wọn."

Ọwọ́ Àwẹ̀ró kú tipiri, kò mì. Okùn gbọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó fà á, gbàù! Ẹ̀pìyà, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Òmíràn, gbàù! Òmíràn! Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, wọ́n kó jọ bí ọmọ tó sùn sórí ẹní kan. Ó ń fà wọ́n títí agbọ̀n fi kún dé ẹnu. Pẹ́pẹ́yẹ wò ó, kò lè pa ẹnu dé.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí àlọ́ yìí ń kọ́ wa ni pé ká má fojú kéré iṣẹ́ tó ni wá lára, nítorí a ò mọ ọjọ́ tí ìmọ̀ inú rẹ̀ máa gba ilé wa là. Bí ibi tí a ń wò bá sì gbẹ, ká rántí ibi tí odò ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nì wọ́ dé, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀. Ó wo agbọ̀n. "Ẹja kò ga ju ẹnu rẹ̀ lọ."

"Kó kún lọkọ mi sọ. Kò sọ pé kó ga. Ṣé kò kún ni?"

Ọ̀nì yẹ̀ ẹ́ wò yípo. Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ yọ síta. "Ó kún. Àwẹ̀ró, obìnrin gidi ni ọ́."

Ó gbé agbọ̀n, ó fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó wọ omi lọ. Gbèsè tán.